Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, Abo Kìnnìún Lísàbí

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá bá ìyá yín lọ sí ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí tí ẹ dé ọjà etí omi ní agbègbè Ògùn Waterside, ẹ ó rí i pé obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń pàtẹ. Àwọn kan ń ta gàrí, àwọn kan ń ta ẹja, àwọn mìíràn ń ta aṣọ, ata àti ẹ̀fọ́. Nínú èrè kékeré tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọ, tí wọ́n sì ti ń san owó ilé ìwé. Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, irú àwọn obìnrin báyìí ni ó dìde ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n kọ̀ láti san owó orí tí kò tọ́. Ìjà owó orí náà dàgbà títí ó fi di ara ìjà òmìnira ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tí ó ṣe aṣáájú wọn ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí Fúnmiláyọ̀ ní ìlú Abẹ́òkúta. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Daniel Thomas, orúkọ ìyá rẹ̀ sì ni Lucretia. Ìdílé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó padà ti Sàró dé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òbí ni kì í rán ọmọbìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n rò pé ilé ìdáná ni gbogbo ìwé obìnrin ń parí sí. Àwọn òbí Fúnmiláyọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ilé ìwé gíga Abeokuta Grammar School gbà wọlé.

Ní ọdún 1919, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé sí i. Kí ó tó lọ, Frances ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí orúkọ òyìnbó ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, ó fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa pe òun ní Fúnmiláyọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, Fúnmiláyọ̀ ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Ijebu-Ode Grammar School nígbà náà. Báyìí ni ọmọ Ẹ̀gbá yìí ṣe di ará ilé àwọn Ìjẹ̀bú. Ọdún méje ni wọ́n fi gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni ó ti kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ tí ó ń kọ́ wọn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin jọ. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí fún ọkọ rẹ̀: Dolúpọ̀, Olíkòyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀. Olíkòyè di dókítà, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Fẹlá ni olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Bẹ́kọ̀ náà di dókítà, ó sì jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn títí ó fi kú.

Ní ọdún 1932, ọkọ rẹ̀ di ọ̀gá àgbà ilé ìwé Abeokuta Grammar School, gbogbo ìdílé náà sì padà sí Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó àwọn olùkọ́, ti àwọn akọ̀wé àti ti àwọn àlùfáà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń sè oúnjẹ, wọ́n sì ń ran àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ́wọ́. Kò sí ìjà kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin ọjà ni ó yí i padà. Obìnrin ọlọ́jà kan wá bá Fúnmiláyọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Fúnmiláyọ̀ gbà láti kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé e, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà sì di olùkọ́ fún àwọn ìyá alátẹ. Bí wọ́n ti ń kọ́ a, b, d ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí ní ọjà. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni, láàárín ọdún 1939 sí 1945. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa dá àwọn tí ń ru ìrẹsì lọ́nà. Wọn a gba ìrẹsì wọn ní iye tí kò tó owó tí wọ́n fi rà á. Nígbà mìíràn, wọn kì í san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ti sunkún délé lọ́jọ́ náà, kò ní owó tí yóò fi tún ọjà mìíràn rà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Fúnmiláyọ̀ púpọ̀. Ó rí i pé títọ́jú ilé àti sísè oúnjẹ nìkan kò lè gba obìnrin tí a ń fi agbára gba ọjà rẹ̀. Ó bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ títí, wọn kò dáhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ní Èkó, gbígba ìrẹsì lọ́nà àìtọ́ náà dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ọjà ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ìjọba yóò gbọ́.

Ní ọdún 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Olówó àti tálákà, ẹni tí ó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, gbogbo wọn ni ó lè wọ inú rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, ó sì ń wé gèlè bí àwọn ìyá ọjà. Èdè Yorùbá ni ó ń sọ ní gbangba. Bí òyìnbó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ń sọ, kí òyìnbó náà wá ògbifọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó orí ni ó wúwo jù lọ́rùn àwọn obìnrin. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Títí di ọdún 1914, àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara wọn. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ni wọ́n fi ń tọ́jú ìlú. Ní ọdún náà ni òyìnbó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1918, wọ́n kéde pé kí àwọn Ẹ̀gbá máa san owó orí. Inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n sì gbé ìbọn. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà ìbánisọ̀rọ̀. Ogun yìí ni a ń pè ní Ogun Àdúbí. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó ṣẹ́gun wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Owó orí kò kúrò.

Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ń san owó orí yìí. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í bu owó orí lé obìnrin lórí lọ́tọ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ ti san tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó ẹni tí ń san án. Iye kan náà ni wọ́n bù lé ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ìdì kọ̀ọ̀kan àti ìyá tí ọjà rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn agbowó orí a máa ya wọ ilé, wọn a máa lé àwọn obìnrin kiri. Wọ́n tilẹ̀ ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí yóò san owó orí. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún ọmọ àti fún òbí.

Síbẹ̀, nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín owó náà, kò sí obìnrin kan ṣoṣo. Òfin òyìnbó ti sọ Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, di aláṣẹ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Tẹ́lẹ̀ rí, ọba kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè àti àwọn Ògbóni a máa bá a dámọ̀ràn, àwọn obìnrin sì ní Ìyálóde tí ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Àwọn òyìnbó ni ó fi gbogbo àṣẹ lé ọwọ́ ẹnì kan, nítorí pé ó rọrùn fún wọn láti ti ẹ̀yìn ẹnì kan ṣe ìjọba. Fúnmiláyọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó rọrùn láti yé ọmọdé: kí ló dé tí ẹni tí ń san owó kò fi ní ohùn nínú bí a ó ti ná an?

Wọn kò gbé ìbọn bí ti ọdún 1918. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ààfin àti sí ìjọba. Wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìlú wò. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ fún ìwọ́de, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe àríyá ni. Ṣé a lè ní kí ènìyàn má ṣe àríyá? Fúnmiláyọ̀ tún kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú sí wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ rọ́ lọ sí ààfin Aké. Wọ́n jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n lọ sílé nígbà tí a ṣèlérí pé a ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí a ó sì tú àwọn obìnrin tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Ìlérí náà kò ṣẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, wọ́n tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn yóò fi jáde. Ọjọ́ kejì rẹ̀ kọjá, wọn kò kúrò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ni a tú àwọn obìnrin náà sílẹ̀, àwọn yòókù sì tó lọ sílé.

Ní ọdún 1948, a dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ìjòyè Ògbóni náà bá àwọn obìnrin dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní Òṣogbo. Ó padà sórí oyè ní ọdún 1950, ṣùgbọ́n ìjọba aláṣẹ kan ṣoṣo ti dópin. A yan obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tuntun ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Fúnmiláyọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní àkókò yìí kan náà, gbogbo Nàìjíríà ni ó ń béèrè irú ìbéèrè tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń béèrè. Gómìnà Richards ti ṣe òfin ìjọba tuntun fún Nàìjíríà láìbi àwọn ọmọ ilẹ̀ wa léèrè. Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC kọ̀ ọ́, wọ́n sì rán aṣojú méje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947. Dókítà Nnamdi Azikiwe ni olórí wọn. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni obìnrin láàárín àwọn méjèèje. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó ṣàlàyé pé kí òyìnbó tó dé, àwọn obìnrin wa ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ní ohùn nínú ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó ti gba méjèèjì lọ́wọ́ wọn. Mínísítà òyìnbó kò fún àwọn aṣojú náà ní ohun tí wọ́n bèèrè. Síbẹ̀, òfin Richards kò pẹ́. Ní ọdún 1951, òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń gbòòrò sí i? Ó bẹ̀rẹ̀ lórí àpò ìrẹsì. Ó di ọ̀rọ̀ owó orí. Láti orí owó orí, ó di ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa ṣe ìjọba ìlú. Láti ìlú, ó di ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa ṣe ìjọba orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1949, Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀, kí àwọn obìnrin ìlú mìíràn lè ní irú ẹgbẹ́ ti Abẹ́òkúta. Wọ́n ń bèèrè pé kí obìnrin lè dìbò, kí a sì lè dìbò fún un.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó bọ́ sí i. Ó du ipò aṣòfin ní ọdún 1951, kò wọlé. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1955. Ní ọdún 1957, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, nítorí pé ó ti lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Òun àti ẹgbẹ́ NCNC náà pínyà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960, Nàìjíríà gba òmìnira. Ó ní ayọ̀ ọjọ́ náà, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. Àwọn obìnrin òkè ọya kò tíì lè dìbò. Ọdún 1976 ni wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ náà gbà.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1965. Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1968. Ní ọdún 1970, ó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bani nínú jẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá arúgbó yìí láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978, lẹ́ni ọdún 77. Ọwọ́ òyìnbó kọ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ilẹ̀ tí ó bá wọn jà fún ni, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ń sin ín ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyá ọjà ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì jáde láti bu ọlá fún un.

Àwọn ènìyàn ń pè é ní Abo Kìnnìún Lísàbí. Láyé àtijọ́, Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí a sì máa wá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lísàbí ni ó kó àwọn ènìyàn jọ nínú ẹgbẹ́ àáró tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko, títí wọ́n fi dìde gba ara wọn sílẹ̀. Fúnmiláyọ̀ náà kó àwọn obìnrin jọ nínú ẹgbẹ́ ìmọ̀-ọ́n-kọ, mọ̀-ọ́n-kà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dàgbà tí ẹ ń san owó orí yín, ẹ rántí láti béèrè ohun tí a fi ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun
owó orí: owó tí ará ìlú ń san fún ìjọba
owó ibodè: owó tí a ń gbà lórí ọjà ní ẹnubodè ìlú
ìwọ́de: kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn
ògbifọ̀: ẹni tí ń túmọ̀ èdè kan sí òmíràn
ìṣákọ́lẹ̀: ohun tí ìlú kékeré ń san fún ìlú tí ó ń jọba lé e lórí
òmìnira: kí ènìyàn tàbí orílẹ̀-èdè máa ṣe ìjọba ara rẹ̀

Ìbéèrè
1. Ní ọdún wo ni a bí Fúnmiláyọ̀, níbo sì ni?
2. Kí ni ó gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde?
3. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe fún àwọn tí ń ru ìrẹsì?
4. Sọ ohun méjì tí kò dára nínú owó orí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta.
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ní ọdún 1918 àti èyí tí àwọn obìnrin ṣe ní ọdún 1947?
6. Kí ni ó mú kí ìjà owó orí di ìjà òmìnira?
7. Béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ irú owó tí wọ́n ń san ní ọjà. Sọ ohun tí o gbọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní kíláàsì.